Rósì Inú Ìkòkò

Nígbà tí ọmọbìnrin mi gbé rósì kan inú ìkòkò wá fún mi ní Olúpọ̀nnà, àárín pálọ̀ ni mo gbé e sí, bí ẹni tí ó gba ìyàwó tuntun wọlé. Mo ń bomi rin ín láàárọ̀, mo ń bomi rin ín lálẹ́. Oṣù kan kò pé tí ewé rẹ̀ fi pọ́n, tí ó sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá mi kò gbin òdòdó rí. Òdúndún, rinrin àti àbámodá ni wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò tó ti sán ní ẹ̀yìnkùlé: ewé tí à ń lò, kì í ṣe èyí tí à ń wò. (Bóyá ìdí nìyí tí orúkọ ewé fi pọ̀ lédè wa ju ti òdòdó lọ.) Wọ́n ti ìka bọ inú erùpẹ̀ náà.

“Àkànní, ṣé ẹja lo ń sìn ni? Ibo ni omi yìí yóò gbà jáde?”

Ìkòkò náà kò ního nídìí. Gbòǹgbò ti ń rà. Wọ́n dá ihò sí i, wọ́n gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀, wọ́n sì fi ọ̀bẹ gé àwọn ẹ̀ka tó ti kú, títí dé ibi tí igi ṣì tutù. Àyà mi ń já.

“Bí ìka rẹ bá jáde ní gbígbẹ ni kí o tó bomi rin ín.”

Ó rúwé padà. Màmá kò dúró rí òdòdó rẹ̀ àkọ́kọ́. Àràárọ̀ ni mo ṣì ń ti ìka bọ erùpẹ̀ náà.