Abúlé Tó Ń Fi Àkísà Rán Ìbora

Odò Alabama ya kọ́rọ́ ní ìpínlẹ̀ Alabama, lápá gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì yí ilẹ̀ kan po lápá mẹ́ta. Gee's Bend làwọn ará ibẹ̀ ń pè é, àmọ́ Boykin ló wà nínú ìwé ìjọba. Tí kò bá sí ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó fẹ́ lọ sí ìlú Camden tó wà lódìkejì máa wa mọ́tò ju wákàtí kan lọ.

Lọ́dún 1816, Joseph Gee kó àwọn ẹrú wá síbẹ̀ láti gbin òwú. Nígbà tó di ọdún 1845, oko náà bọ́ sọ́wọ́ Mark Pettway. Títí dòní, Pettway lorúkọ ìdílé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n fòpin sí oko ẹrú lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ onílẹ̀ làwọn ọmọ wọn ṣì ń ro, àwìn ni wọ́n sì ń jẹ. Lọ́dún 1932, oníṣòwò tó ń yá wọn lówó kú, opó rẹ̀ sì ní kí wọ́n lọ kó ohun tí wọ́n ní: ẹran ọ̀sìn, irinṣẹ́ oko, títí kan oúnjẹ.

Òtútù ò mọ̀ pé wọ́n ti kó èèyàn lẹ́rù. Ilé pákó tí afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo rẹ̀ wọlé ni wọ́n ń gbé, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń pín bẹ́ẹ̀dì kan. Ìdí nìyẹn táwọn ìyá fi ń rán ìbora alábùlẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni ìbora náà ní. Àjákù ṣòkòtò iṣẹ́ àti kábà ni wọ́n fi ń ṣe ojú rẹ̀. Òwú tó ń mú ara móoru ló wà láàárín, aṣọ míì á sì wà lẹ́yìn. Ojú làlejò ń rí, àmọ́ inú àti ẹ̀yìn gba wàhálà, torí kò sí aṣọ kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀dì ńlá.

Àpò ìyẹ̀fun àti àpò ajílẹ̀ ni wọ́n ń tú fún ẹ̀yìn. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á rán an mọ́ra wọn, ojú ìrán náà sì gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ní ti òwú, wọ́n á ṣa èyí tó ṣẹ́ kù lóko lẹ́yìn ìkórè, tàbí kí wọ́n gbá èyí tó bọ́ sílẹ̀ níbi ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú. Wọ́n á fi ọ̀pá lù ú títí táá fi rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti na aṣọ ẹ̀yìn sórí férémù igi, wọ́n á tẹ́ òwú náà sórí rẹ̀ ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́. Bí etí òwú bá gun ara wọn, ibẹ̀ á wú bí òkìtì. Bí àlàfo bá sì wà, òtútù á gba ibẹ̀ wọlé. Ohun kan náà lẹni tó ń so òwú pẹlẹbẹ tó rà ní ṣọ́ọ̀bù lónìí gbọ́dọ̀ ṣọ́: kí etí kan etí, kó má sì fa òwú ìránṣọ le jù.

Wọ́n á wá tẹ́ ojú aṣọ lé e, àwọn obìnrin á jókòó yí férémù ká, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Láìsí ojú abẹ́rẹ́ yẹn, òwú á kó jọ síbì kan tí wọ́n bá fọ ìbora náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Lọ́dún 1942, lẹ́yìn tí ọkọ Missouri Pettway kú, ó kó aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ oko jọ. Òun àti Arlonzia ọmọ rẹ̀ rán an di ìbora, kó lè máa fi rántí olóògbé, kó sì máa fi bora sùn.

Lọ́dún 1962, nígbà táwọn aláwọ̀ dúdú ń jà fún ẹ̀tọ́ láti dìbò, àwọn aláṣẹ dá ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn sọdá dúró. Ọdún 2006 ló tó padà. Àmọ́ àwọn obìnrin náà ò káwọ́ gbera. Lọ́dún 1966, àwọn àtàwọn aládùúgbò wọn dá ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee sílẹ̀ láti máa ta ìbora. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn kọ́ sára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Houston àti New York, nígbà tó sì di ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán rẹ̀ sára sítáǹpù.

Lónìí, àlejò lè wọ ọkọ̀ ojú omi láti Camden, kó sì ra ìbora lọ́wọ́ ẹni tó rán an gan-an.