Ẹni Tí Ó Ṣiṣẹ́ fún Èdè Rẹ̀

Nínú gbogbo akéwì ilẹ̀ òkèèrè tí mo ti ka ìtàn ìgbésí ayé wọn, ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn ju àwọn yòókù lọ. Àwọn akéwì mìíràn wà tí òkìkí wọn kàn jù ú lọ jìnnà. Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò fi ẹnu lásán fẹ́ràn èdè ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yin èdè wọn bí ẹni ń ki ọba, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n mú kálàmù kí wọ́n fi èdè náà kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí òbí wọn, àwáwí ni wọn yóò máa wá. Àwọn àgbà kò ṣàì mọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Lope K. Santos ni orúkọ rẹ̀, ará ilẹ̀ Fílípínì sì ni.

Ilẹ̀ Fílípínì wà ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Erékùṣù tí ó lé ní 7,000 ni ó para pọ̀ di ilẹ̀ náà, èdè tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń sọ sì lé ní 100. Àwọn ará Sípéènì jọba lé wọn lórí fún ohun tí ó ju 300 ọdún lọ. Ní ọdún 1898 ni Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Sípéènì, nígbà tí ó sì di ọdún 1901, ọkọ̀ ojú omi kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ wá láti Amẹ́ríkà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì di èdè ilé-ìwé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: bí èdè àjèjì kan ti ń jáde ní iwájú ilé ni òmíràn ń wọlé. Èdè tí ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ńkọ́? Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi í sí.

Irú ayé báyìí ni Santos bá. Ìlú Pasig, nítòsí Manila, ni a bí i sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1879. Canseco ni orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀, nítorí náà lẹ́tà C ni ó yẹ kí ó wà láàárín orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé ní èdè Tagalog, èdè ìyá rẹ̀, ó yọ C kúrò, ó sì fi K dípò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rẹ́rìn-ín, kí ó wí pé kí ni lẹ́tà kan ṣoṣo lè ṣe. Ìdí rẹ̀ nìyí: ọ̀nà tí àwọn ará Sípéènì ń gbà kọ èdè tiwọn ni a fi ń kọ Tagalog nígbà náà, bí ẹni gbé ẹ̀wù tí a rán fún ẹlòmíràn wọ̀. José Rizal, òǹkọ̀wé ńlá ilẹ̀ náà, ti kọ̀wé ní ọdún 1890 pé kí a lo K níbi tí ìró rẹ̀ bá ti wà. Ohun tí Rizal kọ sínú ìwé ni Santos kọ sínú orúkọ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ olóòtú Muling Pagsilang, ìwé ìròyìn èdè Tagalog tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ Àtúnbí. Nínú rẹ̀ ni ó ti ń tẹ ìtàn àròsọ kan jáde díẹ̀díẹ̀, kí ó tó di odindi ìwé ní ọdún 1906. Banaag at Sikat ni ó pe ìtàn náà, èyí tí í ṣe ìmọ́lẹ̀ ìdájí àti yíyọ oòrùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni ó sọ̀rọ̀ wọn, Delfin tí í ṣe tálákà àti Felipe tí í ṣe ọmọ ọlọ́rọ̀, tí wọ́n jọ ń jiyàn lórí bí a ti lè tú òṣìṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnilára àwọn olówó. Santos fúnra rẹ̀ wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nítorí náà ó mọ ohun tí ó ń wí. Ní ọdún 1912 ó tún kọ Ang Pangginggera, ewì gígùn lórí obìnrin kan tí ayò káàdì gba ọkàn rẹ̀.

Ẹ lè bi mí léèrè pé kí ni ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn àròsọ kan. Ní ilé-ìwé tí mo lọ ní kékeré, owó ìtanràn ni ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì ń san. Gẹ̀ẹ́sì tí a rí kọ́ níbẹ̀ kò pọ̀ tó ìtìjú tí a kọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí rò pé èdè ilé wa kò lè ru ọ̀rọ̀ tí ó wúwo, pé ti àlọ́ àti ti ọjà nìkan ni. Ìdí nìyí tí mo fi mọ iyì ohun tí Santos ṣe. Ó mú ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù lọ ní ayé ìgbà náà, ọ̀rọ̀ owó, iṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ ènìyàn, ó sì gbé e ka èdè Tagalog lórí. Èdè náà kò sì wó.

Lẹ́yìn èyí ni ó wọ inú ìṣèlú. Ó jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ Rizal láti ọdún 1910 títí di 1913, ó jẹ gómìnà Nueva Vizcaya lẹ́yìn náà, ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Níbẹ̀ ni ó ti dá òfin kan lábàá, èyí tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1921, pé kí a máa fi ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá rántí Andres Bonifacio, ọmọ tálákà tí ó dá ẹgbẹ́ ajàjàgbara Katipunan sílẹ̀.

Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1935 pàṣẹ pé kí a wá èdè kan tí yóò jẹ́ ti gbogbo ilẹ̀ náà, kí a sì gbé e ka orí ọ̀kan nínú àwọn èdè ìbílẹ̀. Ní ọdún 1936 ni a dá àjọ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, Jaime de Veyra, ẹni tí Tagalog kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀, sì ni olórí rẹ̀. Tagalog ni àjọ náà yàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá, ọdún 1937, Ààrẹ Manuel Quezon kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ìkéde kì í kọ́ ọmọ ní ìwé. Ta ni yóò sọ bí a ó ti máa kọ ọ́, àti bí gbólóhùn rẹ̀ ti ń tò? Santos ni ó jókòó ti iṣẹ́ yìí. Ó ṣe ìwé gírámà èdè náà, Balarila, tí a fi ń kọ́ni ní ilé-ìwé láti ọdún 1940. Ó to lẹ́tà 20 lẹ́sẹẹsẹ, fáwẹ́lì 5 àti kọ́ńsónáǹtì 15. Abakada ni orúkọ wọn, láti ara mẹ́rin àkọ́kọ́: a, ba, ka, da. Níbi tí C ti ń jókòó tẹ́lẹ̀, K ni ó wà níbẹ̀. Ng sì jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú wọn, gẹ́gẹ́ bí gb ti jẹ́ lẹ́tà kan fún wa. Ní ọdún 1941 wọ́n fi í ṣe olùdarí àjọ èdè náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1946, la gbogbo ọdún ogun já.

Èmi kò ní fi ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún yín. Inú gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó dùn. Àwọn tí ń sọ Cebuano pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n sì béèrè pé kí ló dé tí èdè aládùúgbò wọn fi di ọ̀gá lórí tiwọn. N kò lè sọ pé ẹjọ́ wọn kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ bí ó ti ń dun ni kí a ti èdè ẹni sẹ́yìn, òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣọ́ra kí ó má ti ti ẹlòmíràn. Lẹ́tà 20 náà pàápàá kò tó. Kò sí F nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí V, tí àwọn èdè mìíràn ní ilẹ̀ náà sì ń lò wọ́n. Ní ọdún 1959 Pilipino ni a sọ èdè orílẹ̀-èdè náà, nítorí pé P ni Tagalog ní. Ní ọdún 1987, a fi lẹ́tà 8 kún 20 náà, F wọlé, òfin ìpìlẹ̀ tuntun sì pe èdè náà ní Filipino. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Èdè ńlá àti èdè kékeré jọ nílò ara wọn ni.

Lójú tèmi, àtúnṣe yìí kò ba iṣẹ́ Santos jẹ́. Ohun tí ó bá wà nílẹ̀ ni a ń tún ṣe. Bí kò bá ti kọ́ ilé náà, ibo ni àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ì bá ti rí ògiri tí wọn yóò fẹ̀ sí i?

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ọdún 1963, ni ó kú, ní ẹni ọdún 83. Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni ọjọ́ náà í ṣe. Mo sì gbà pé ọjọ́ tí ó yẹ ẹ́ ni, nítorí òṣìṣẹ́ ni òun náà, èdè sì ni oko rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wí pé òun fẹ́ràn èdè ìyá òun, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ sáà bi í léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí ni ó ti fi kọ.