Òkúta Tó Ń Jẹun

Báwo ni ẹ ó ṣe túmọ̀ "live rock" sí Yorùbá? Èmi kọ́kọ́ pè é ní "òkúta alààyè", bọ̀dá mi sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dà bí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn ló ń sin ẹja òkun nínú táńkì gíláàsì ní pálọ̀ wa l'Ékòó. Ẹja mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n rà kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Owó iyọ̀ àkànṣe tí wọ́n ń pò mọ́ omi, owó ẹ̀rọ tó ń da omi kiri àti owó epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ wọgbó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní òkúta ni kò sí níbẹ̀. Òkúta náà sì rèé, òkè òkun ló ti ń wá, kílò kílò ni wọ́n ń tà á. Ni bọ̀dá mi bá ní, "Ìwọ tí o mọ̀wé kà, bá mi wádìí. Òkun wà níbí, òkúta kún etí rẹ̀. Kí ló dé tí màá fi máa fowó ra òkúta?"

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ẹja ń jẹ, ó sì ń yàgbẹ́ sínú omi kan náà tó fi ń mí. Ìgbẹ́ yìí àti oúnjẹ àjẹkù ló ń di amóníà, májèlé sì ni amóníà fún ẹja. Nínú òkun, omi pọ̀ tó láti gbé e lọ. Nínú táńkì, kò síbi tó fẹ́ gbà. Bakitéríà ló ń gba ẹja sílẹ̀: irú kan á sọ amóníà di náítíráìtì, irú mìíràn á sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára òkúta ni wọ́n ń gbé. Nínú ihò tó jìn, tí ọ́síjìn kò fi bẹ́ẹ̀ dé, àwọn mìíràn tún wà tó ń sọ náítíréètì di afẹ́fẹ́ tó ń bá omi jáde.

Òkúta tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí dáadáa ni ara iyùn àtijọ́, tó fúyẹ́, tó sì lúhò bíi búrẹ́dì. Bí ẹ bá kán ọtí kíkan sí i, yóò hó, nítorí ohun tó wà nínú ìkarahun ìgbín náà ló wà nínú rẹ̀.

Ti etíkun Èkó ńkọ́? Iyanrìn ni tiwa. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òkúta ńlá tí ẹ ń rí níbẹ̀, èèyàn ló kó wọn wá. Àwọn èyí tí wọ́n fi mọ ògiri wọnú òkun ní ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Àrò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fọ́ wọn, tí rélùwéè fi kó wọn wá. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, òkúta yín ló ń dínà ìgbì fún ọkọ̀ Èkó! Gíránáìtì ni, kò lúhò. Nínú táńkì, ọ̀ṣọ́ ló máa ṣe jù, epo ọkọ̀ àti ìdọ̀tí ìlú sì lè ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Kódà ká ní iyùn ló kún etíkun wa, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké tó wà lára òkúta tútù máa ń kú lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá jẹrà nínú táńkì, amóníà tí à ń sá fún náà ni wọ́n máa dà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ilé ẹja wẹ́wẹ́ sì ni òkúta yẹn nínú òkun. Ní Florida l'Amẹ́ríkà, wọ́n fòfin de kíkó o nínú omi ìpínlẹ̀ náà ní 1989. Nígbà tó di 1997, ó di èèwọ̀ nínú omi ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú. Àwọn olówò ibẹ̀ wá ń gba ìyọ̀ǹda, wọ́n ń kó òkúta orí ilẹ̀ jù sí ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ nínú òkun, wọ́n á dúró kí ohun abẹ̀mí lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá lọ kó o bí ẹní lọ wa iṣu.

Àwa náà ti rí i pé òkúta kì í ṣe ohun tí à ń gbé sọ́tùn-ún sósì láìronú. Ògiri Èkó yẹn ló dí iyanrìn tí ìgbì ń wọ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn lọ́nà, tí òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach.

Bọ̀dá mi ra òkúta gbígbẹ, èyí tí wọ́n wà lórí ilẹ̀, wọ́n sì tọrọ ègé kékeré kan láti inú táńkì ọ̀rẹ́ wọn kí bakitéríà lè ràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń ju oúnjẹ ẹja sínú omi tí kò ní ẹja, títí amóníà fi di òdo. Màmá wa wò wọ́n títí, wọ́n ní, "Ṣé o ti wá ń bọ òkúta ni?" Bọ̀dá mi ní, "Rárá o, Mà. Mò ń bọ́ ọ ni."

Ẹ ò rí i pé ohùn nìkan ló wà láàárín méjèèjì? Àwọn baba wa ní ọta tí wọ́n ń fún lóúnjẹ, tí wọ́n ń fomi wẹ̀. Orúkọ yẹn bá wọn dé Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní otán títí dòní. Èdè tó ní irú èyí nílẹ̀ kò yẹ kó máa yá orúkọ. Mo ti pa "òkúta alààyè" tì. Òkúta tó ń jẹun ni: ẹ fún un lóúnjẹ kí ẹ tó ra ẹja.