Àwọn Àwo Jáàsì Àtijọ́ Tí A Ń Kó Jọ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í yé bi wá nígbàkígbà tí a bá pàdé. Wọ́n á ní: kí ni ọmọ Yorùbá ń fi àwo jáàsì àtijọ́ ṣe? Ẹnìkan tilẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo wa níbi ìsọmọlórúkọ kan pé ẹni tí ó ní dùndún nílé baba rẹ̀, tí ó wá ń náwó lé fèrè ará Amẹ́ríkà, ó dà bí ẹni tí ó da ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ nù tí ó wá ń lá àwo aládùúgbò. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn rẹ̀ níbí, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè bá wa gbọ́ ọ.

Chicago ni à ń gbé. Ẹni mẹ́fà ni wá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Àwa márùn-ún ni ó kù báyìí, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin méjì. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, awakọ̀ tasín wà, tíṣà méjì, àti ẹnìkan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Alẹ́ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù ni a máa ń pàdé nílé ọ̀kan nínú wa. A ó jẹun, a ó fara balẹ̀, a ó sì gbé àwo sórí ẹ̀rọ. Òfin kan ṣoṣo ni a ní: bí àwo bá ń yí, ẹnu á dákẹ́. Ó di ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gòkè kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò bá rí irú àwo yìí rí lè rò pé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú eléèpì tí a fi ń gbọ́ Sunny Ade àti Ebenezer Obey nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ike ni eléèpì. Èyí tí à ń sọ yìí, oje tí kòkòrò kékeré kan ń tu sára ẹ̀ka igi ní Íńdíà ni wọ́n pò mọ́ òkúta lílọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ di àwo. Ó dúdú, ó wúwo, ìgbà 78 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, orin ojú kan rẹ̀ kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ó parí. Àwọn àgbà wa kò ṣì í pè nígbà tí wọ́n fún un ní orúkọ kan náà pẹ̀lú àwo ìjẹun. Igbá tí ó bá fọ́, wọ́n á gán an, wọ́n á sì tún fi bu omi. Kò sí ẹni tí í gán àwo.

Ìdí nìyí tí èyí tí ó ṣẹ́kù fi ṣọ̀wọ́n. Lọ́dún 1942, nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Amẹ́ríkà dín oje náà kù fún àwọn oníléeṣẹ́ àwo, nítorí pé ọ̀nà òkun ti le, wọ́n sì nílò rẹ̀ fún nǹkan ogun. Ni wọ́n bá ń gba àwo àtijọ́ lọ́wọ́ aráàlú, wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n ń fi í ṣe tuntun. Ohùn púpọ̀ ni ó bá ọlọ lọ.

Níbo ni a ti ń rí tiwa? Ìhà gúúsù ìlú Chicago ni. Láti nǹkan bí ọdún 1915 ni àwọn ènìyàn dúdú ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin kúrò ní Mississippi àti Louisiana wá síbí, tí wọ́n ń sá fún ìyà, tí wọ́n ń wá iṣẹ́. Orin wọn bá wọn wá. Ní ilé tí àgbàlagbà kan bá ti kú, tí àwọn ọmọ ń pàtẹ ẹrù, tàbí nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ń ta ohun àlòkù, ibẹ̀ ni a máa ń lọ. A ó kúnlẹ̀ ti àpótí, a ó máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ wò bóyá ó ti sán. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú èyí tí a ní, dọ́là kan tàbí méjì ni a fi rà á.

Nígbà kan, a jọ wakọ̀ lọ sí Richmond ní ìpínlẹ̀ Indiana, láti lọ wo ibi tí ẹgbẹ́ King Oliver ti gba ohùn sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1923. Iléeṣẹ́ tí ń ṣe dùùrù ni ó ni ibẹ̀, Gennett ni wọ́n ń pe àwo wọn. Máíkìrófóònù kò tíì dé ibi iṣẹ́ àwo nígbà náà. Ọdún 1925 ni ó dé. Ohun tí ó wà ni ihò ńlá kan tí ó rí bí àrọ, tí gbogbo ẹgbẹ́ dojú kọ, tí ohùn gba inú rẹ̀ lọ mi abẹ́rẹ́ lórí ìda. Baby Dodds tí ó jẹ́ onílù wọn kò lè lu ìlù ńlá rẹ̀ bí ó ti fẹ́, kí abẹ́rẹ́ má baà fò. Igi ni ẹ gbọ́ tí ó ń lù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú wọn tí kò tíì pé ọdún méjìlélógún, Louis Armstrong ni. Ọdún tí ó ṣáájú ni ọ̀gá rẹ̀, Oliver, ránṣẹ́ pè é láti New Orleans. Nígbà tí àwọn yòókù bá dákẹ́, tí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ bá jùmọ̀ fọn ín, ẹnìkan lókè, ẹnìkan nísàlẹ̀, ẹ ó rò pé onílù méjì tí wọ́n jọ dàgbà lágbo ilé kan ni.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹfà ọdún 1928, Armstrong kan náà gba West End Blues sílẹ̀ ní Chicago níbí. Òun nìkan ni ó fi fèrè rẹ̀ ṣí orin náà, kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá 15. Ìgbàkígbà tí a bá gbọ́ ọ, kò sí ẹni tí ó ń mí sókè nínú wa.

A kò wá sọ pé ọmọ Yorùbá ni ó dá jáàsì sílẹ̀ o. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ń pọ́n ara rẹ̀ lé ju bó ti yẹ. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Louisiana jẹ́ ará Senegambia àti ará Kóńgò. Cuba àti Brazil ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ jù. Ṣùgbọ́n odò kì í ṣàn kí ó má kan omíràn. Ní 1947, Dizzy Gillespie mú Chano Pozo wọ ẹgbẹ́ rẹ̀, onílù tí ó ti Havana wá, ìlú tí àwọn Lùkùmí ti ń lu bàtá láti ayébáyé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé Manteca jáde. Lẹ́yìn náà ni Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tí ó wá kàwé ní Amẹ́ríkà ní 1950, ṣe Drums of Passion. John Coltrane sọ orin kan ní Tunji nítorí rẹ̀, ilé àṣà tí Ọlátúnjí dá sílẹ̀ ní Harlem ni ó sì ti fọn fèrè ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967, kí ikú tó mú un ní oṣù keje ọdún náà. A tún ní àwo tí Art Blakey àti Solomon Ilori ṣe ní 1962. Ọ̀kan nínú orin rẹ̀ ń jẹ́ Ife L'Ayo. Ẹ fojú inú wo bí ó ti rí lára wa, láti ka Yorùbá lẹ́yìn àwo Blue Note.

Gbogbo èyí, Ẹ̀gbọ́n wa ni ó kọ́ wa. Òun ni ẹni kẹfà, òun ni ó sì kó wa jọ. Ó ní àwo tí ó lé ní 600 nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀, ó sì fi bírò kọ nǹkan sára àpò bébà ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ó rà á, iye tí ó rà á, àti gbólóhùn kan ní Yorùbá. Ẹ ó rí “Ìlù yìí ń bá ẹnìkan wí.” Ẹ ó rí “Bàbá mi ìbá jó èyí.” Ẹ ó rí “Ó há díẹ̀. Ẹ yí i sí ojú kejì.”

Ìgbà òtútù ọdún kejì sẹ́yìn ni ó papò dà. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé Iléṣà ni kí wọ́n sin òun sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun. Owó àtigbé òkú sọdá òkun kì í ṣe owó kékeré. Ọmọbìnrin rẹ̀ pè wá, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ta àwo yẹn.” Ọ̀rọ̀ náà pín wa sí méjì. Ẹnìkan ní ohun tí ènìyàn fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ, a kì í tú u ká lọ́sẹ̀ kan. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, “Olówó àwo ti sọ̀rọ̀, ilé ló ní òun fẹ́ lọ.” Kò sí ẹni tí ó tún lè sọ nǹkan kan sí i.

Òru mẹ́ta ni a fi ṣà wọ́n. Oníṣòwò tí ó wá rà á kò fẹ́ ju bí 40 lọ. Ó ní àwọn yòókù ti gbó, wọ́n ti gbọ́ wọn jù. Ó ní òun kò nílò àpò àtijọ́ tí wọ́n kọ ìkọkúkọ sí lára, kí a kó àwo náà sínú tuntun. A ṣe bẹ́ẹ̀. Owó náà kò tó, a dá ìyókù, Ẹ̀gbọ́n sì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Àwọn àwo yòókù, àwọn ọmọ ní kí a máa pín wọn gbọ́. Àwọn àpò tí ó ṣófo, a kó wọn sínú àpótí kan. Lọ́dún tó kọjá, a rí ẹ̀dà ọ̀kan nínú èyí tí a tà níbi títa ohun àlòkù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan: àwo Hot Five ti Armstrong ni, ó ti sán díẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ó ń kọrin. A fi í sínú àpò Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni “Ẹ fetí sí onídùùrù yìí, obìnrin ni.” Lil Hardin ni.

Èsì wa nìyẹn. A kò fi ti wa sílẹ̀ gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá kọ́ bí a ti ń fetí sí ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsọ̀rọ̀, kò ní fi dùndún ṣe ariwo. Ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, baba baba Fẹlá, ti kọ orin Yorùbá sínú irú àwo yìí kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí Armstrong tó wọ Richmond. Ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá yín nílé.

Bí ẹ bá rí i, ẹ má to ó lé ara wọn. Ẹ gbé e dúró bí ìwé. Ẹ má fi ọtí tàbí sípírítì nù ún, yóò yọ́. Omi tó mọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ tó, ẹ má sì jẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀. Ẹ má gbé e sórí abẹ́rẹ́ eléèpì, nítorí ìlà rẹ̀ fẹ̀ ju ti eléèpì lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ẹni tí ó ni ín àti ohun tí ẹ gbọ́ sára àpò rẹ̀, ní Yorùbá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwo wa fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.