Ìrìn Ẹsẹ̀ Láti Àkóbọ̀ Dé Ìkéjì-Arákejì

Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ lọ láti Ìbàdàn sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò lè mọ ọ̀nà náà bí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Àwa márùn-ún tí a jùmọ̀ ń jọ́sìn ní Àkóbọ̀ pinnu láti rìn lọ gbàdúrà ní Ìkéjì-Arákejì, ọ̀nà tí ó ju 80 máìlì lọ. Ní ìhà ibẹ̀, ní 1928, ni ẹ̀rọ tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá fi ń tẹ ọ̀nà dákẹ́, tí ó sì gbọ́ ìpè, gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti jẹ́rìí, pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó sì máa wàásù. Ní 1930 ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà láti ọwọ́ rẹ̀. Títí di òní ni àwọn ènìyàn ń lọ gbàdúrà ní Ìkéjì.

Kí a tó jáde ní Ojúrin ní kùtùkùtù, a ti bá ara wa ṣe àdéhùn méjì: pé olúkúlùkù ni yóò ru ẹrù tirẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ títí a ó fi dé. A gba Bàṣọ̀run kọjá sí Ìwó Road, a sì dojú kọ ọ̀nà Ifẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a súnmọ́ Aṣẹ́jírẹ́, níbi tí a ti sé odò Ọ̀ṣun kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu, òkúta yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rọ́, ó sì wú kíákíá.

Obìnrin kan tí ń ta ẹja ní etí ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ó gbé àpótí tí ó fi ń jókòó fún bàbá náà, ó bu omi tútù, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fa gèlè ara rẹ̀ ya, ó sì fi dì í. Bàbá na owó sí i. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ dákun, ẹ má san án. Bí ẹ bá san án, kí ni yóò kù fún èmi nínú àdúrà tí ẹ ń lọ gbà?”

Láìpẹ́, awakọ̀ akẹ́rù kan dúró, ó ní òun yóò gbé e dé Ìkirè lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá kọ̀, ó ní òun kò ní ba àdéhùn jẹ́. Nígbà náà ni ẹni tí ó kéré jù nínú wa wí fún un pé, “Ẹ rántí Pétérù, sà. Òun náà kọ́kọ́ kọ̀ kí Olúwa má wẹ ẹsẹ̀ òun.” Bàbá dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ kí a gbé òun sókè sínú ọkọ̀.

Ní Ìkirè, ilé Mùsùlùmí kan ni a sùn fún òru mẹ́ta. Wọ́n fún wa ní ẹní, wọ́n fi oúnjẹ bọ́ wa, ìyá ilé sì ra dòdò Ìkirè fún wa. A jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà sinmi, a gbé e lé orí ìrọ̀rí, a fi aṣọ dì í, ṣùgbọ́n kò fún jù. Kí ẹ̀yin ìyá ilé mọ̀ pé kò yẹ kí a wọ́ ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, tàbí kí a fi omi gbígbóná jó o ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹni náà kò bá sì lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rárá, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, nítorí egungun lè ti ṣẹ́.

Ìrànlọ́wọ́ irú èyí ti pẹ́ ní ayé. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn Kristẹni ti ń rìn lọ sí Santiago de Compostela ní ilẹ̀ Spéìn. Ní 1499, Ọba Ferdinand àti Ayaba Isabella pàṣẹ pé kí a kọ́ ilé ìtọ́jú ńlá síbẹ̀ fún wọn. Ilé náà ṣì dúró, ó ti di ilé ìtura. Lójú ọ̀nà náà lónìí, àwọn ilé kan wà tí wọn kì í dá iye owó lé àlejò. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń tọ́jú arìnrìn-àjò níbẹ̀ ni ó ti rin ọ̀nà náà rí.

Láti Ìkirè, bàbá fi ọkọ̀ ṣáájú wa lọ sí Iléṣà, ó sì dúró dè wá. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé Ìkéjì, ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Àwa mẹ́rin ń gba ẹrù rẹ̀ rù lọ́wọ́ ara wa. Àdéhùn wa méjèèjì ti bàjẹ́ kí a tó dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó kábàámọ̀. Nígbà tí a kúnlẹ̀, orúkọ ẹlẹ́ja Aṣẹ́jírẹ́ ni bàbá kọ́kọ́ dá níwájú Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ti awakọ̀ àti ti ará ilé Ìkirè.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ yín láti máa fi fún ni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú láti máa gbà, kí wọ́n sì dúpẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tí kò jẹ́ kí a ran òun lọ́wọ́ ti dínà ìbùkún mọ́ ẹlòmíràn.