Mo Ń Ta Téèpù, N Kò sì Wọn Ọ̀pá Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròyìn yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fúnra mi ni ojú rẹ̀ yóò tì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti téèpù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ènìyàn ní Ìdúmọ̀tà. Bí oníbàárà bá wọlé, tí ó ní kí n fún òun ní síìpù tó gùn tó báyìí, tí ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú mi, èmi náà ni mo máa ń dá a lóhùn pé, "Ìyá, ọwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n wá." Gbogbo àwọn tí a jọ wà ní ìlà ìsọ̀ wa ni wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ mi lẹ́nu.

Bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò ni mò ń wí o, kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Kútọnu ni ó ti rà á ní ọdún 1974, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè náà ní Dàhòmì. Peugeot ni, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Faransé. Raleigh, tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ tíṣà ẹgbẹ́ bàbá mi ń gùn, ṣùgbọ́n bàbá mi ní èyí tí kò wọ́pọ̀ lójú títì ni òun fẹ́. Ó rí ohun tó fẹ́. Àwa ọmọ rẹ̀ ni a wá mọ̀ pé ohun tí kò wọ́pọ̀ lójú títì, àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ náà kì í wọ́pọ̀ lọ́jà.

Láràárọ̀ ni ó máa ń gùn ún láti Ìsàlẹ̀ Èkó, tí yóò gba orí afárá Carter àtijọ́, kí wọ́n tó kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà. Orí irin àárín ni èmi máa ń jókòó sí, ìdí mi a sì ti kú kí a tó sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá.

Bàbá kú ní ọdún 2009. Láti ìgbà náà ni Màmá ti gbé kẹ̀kẹ́ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ń fi aṣọ nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Èmi a máa gùn ún ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí Ìdúmọ̀tà bá dá, tí kò sí alábàárù tí yóò fi ẹrù kọ lù mí. Ọ̀kan nínú irú àwọn àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ní oṣù keje ọdún 2021, ni ọ̀pá tó gbé ìjókòó ró ṣẹ́ mọ́ mi nídìí. Ibi tí ọ̀pá náà ti wọ inú ara kẹ̀kẹ́ ni ìpẹtà ti jẹ, fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọlọ́run ni ó yọ mí tí n kò jókòó lé kùkùté rẹ̀.

Mo mú ọ̀pá tó ṣẹ́ náà káàkiri, láti Ìdúmọ̀tà dé Jankara. Ibikíbi tí mo bá dé, ọ̀kan náà ni wọ́n ń mú jáde fún mi, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan. Wọ́n á gbé e ti ara tèmi, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, Bàbá, ìkan náà kọ́ ni?" Lójú, ìkan náà ni lóòótọ́. Mo san owó, mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Ó gbìyànjú, kò wọlé. Ó fi gíríìsì pa á, kò wọlé. Ó tú bọ́ọ̀tì ìdimú rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, orí rẹ̀ wọlé díẹ̀, ó sì há. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, ó kù díẹ̀ ni o. Ṣé kí n lù ú?"

Ẹ̀yin ònkàwé, mo lè sọ pé ọmọ náà ni ó ṣìṣe, ta ni yóò já mi? Ṣùgbọ́n ó bi mí léèrè. Oòrùn ń pa mí, mo ti pa ìsọ̀ mi tì láti àárọ̀, mo sì dá a lóhùn pé, "Lù ú."

Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dún kẹ́. Àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé ẹnu ọ̀pá ara kẹ̀kẹ́ níbi tí ìjókòó ti ń wọlé ní ojú kan tí wọ́n là sílẹ̀ lẹ́yìn, kí bọ́ọ̀tì lè rí i fún pọ̀. Ìsàlẹ̀ ojú yẹn ni ó ti ya sí i, ó tó ìbú èékánná ọwọ́ mi. Irin tó gbé bàbá mi fún ọdún márùndínlógójì, èmi ni mo ní kí wọ́n fi òòlù là á.

A fi epo sí i títí di ọjọ́ kejì kí a tó lè yí ọ̀pá náà jáde. Mo pe àbúrò mi ní Ìbàdàn lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí a gbàgbé rẹ̀." Ẹlòmíràn ní kí wẹ́dà jó ìjókòó mọ́ ara kẹ̀kẹ́ pátápátá. Bí a bá jó o mọ́ ọn, ta ni yóò tún lè gbé e sókè tàbí sílẹ̀? Ara kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́, iná náà lè bà á jẹ́ ju òòlù lọ. N kò gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó ní kí n gbé e lọ sí Ọwódé Onírin, ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, níbi tí kò sí irú irin tí ènìyàn kò lè rí. Mo bá bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ tó ní ẹ̀rọ tó máa ń yí irin bírí tí ọ̀bẹ yóò sì máa họ ọ́.

Ó ní, "Báwo ni ìbú rẹ̀ ṣe tó, àbúrò?"

Mo ní, "Bàbá, ó tó bí íǹṣì kan."

Ó ní, "Bí íǹṣì kan kì í ṣe íǹṣì kan. Iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe?"

Mo sọ fún un. Nígbà tí mo dé orí téèpù, ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi mú aṣọ nu ojú.

Kì í ṣe ẹnu ihò kẹ̀kẹ́ ni ó wọ̀n, nítorí òòlù ti ṣí ìyẹn. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá àtijọ́, níbi tí ìpẹtà kò dé, ni ó fi kálípà mú. Mìlímítà 24 ni. Íǹṣì kan sì jẹ́ mìlímítà 25.4. Mìlímítà kan àti díẹ̀ péré ni a fi òòlù ń bá jà. Wàhálà náà kò ju pé Gẹ̀ẹ́sì ń fi íǹṣì wọn nǹkan, Faransé sì ń fi mìlímítà wọ̀n ọ́n, ojú kò sì mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Kò di dandan kí ènìyàn ní kálípà. Bàbá mi tìkára rẹ̀ ni ó kọ́ wa pé bí a bá fi 22 lórí 7 sọ ìbú ohun róbótó di púpọ̀, a ó rí àyíká rẹ̀. Bí mo bá ti ká téèpù kan láti inú ìsọ̀ mi mọ́ ọ̀pá bàbá mi, sẹ̀ǹtímítà méje àtààbọ̀ ni n bá rí. Bí mo bá ká a mọ́ èyí tí mo rà, ń bá rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́jọ. Ìlàjì sẹ̀ǹtímítà! Oníbàárà tó bá fi ìlàjì sẹ̀ǹtímítà ṣìṣe lọ́dọ̀ mi, èmi a máa dá a padà.

Mo ní kí bàbá náà họ èyí tí mo rà kí ó tó 24. Ó kọ̀. Ó ní ihò ni inú rẹ̀, bí òun bá họ ọ́, ògiri rẹ̀ yóò dà bí ti agolo, yóò sì tún ṣẹ́ mọ́ mi nídìí. A wo ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, tó jẹ́ mìlímítà 22.2, bóyá a lè fi páànù wé e kí ó kún ihò. Ó kúrú jù fún ẹsẹ̀ mi. Níkẹyìn, ó mú páìpù irin tí ògiri rẹ̀ nípọn, ó họ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí 24, ó sì họ orí rẹ̀ sí 22.2, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ìdè ìjókòó ṣe rí. Ó wúwo ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọwọ́ ṣe ń wọ inú àpò.

Ó fi ayùn fa ìlà yí i ká, ó ní ìlà yẹn kò gbọdọ̀ hàn síta láéláé, kí ọ̀pá lè wọ inú ara kẹ̀kẹ́ dáadáa, kí ó má baà ṣẹ́ ẹnu rẹ̀. Ní ti ibi tó ya, ó lu ihò kékeré kan sí òpin rẹ̀ gan-an, kí ìyapa náà má baà rí ọ̀nà lọ síwájú mọ́. Ó ní kí n máa fi èékánná wò ó kí n tó gùn ún.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ojú Màmá kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń ríran. Ó mú aṣọ, ó nù ún láti iwájú, nígbà tí ó dé abẹ́ ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Àkànní, ihò wo nìyí?"

Mo ní, "Irin ti gbó ni, Màmá. Ó là fúnra rẹ̀."

Kò wí nǹkan kan. Ó nù ún dé ẹ̀yìn, ó ká aṣọ rẹ̀, ó wọlé lọ.

Láti ìgbà náà, mò ń gùn ún, èékánná mi kò sì tíì rí ìyapa náà kọjá ihò. Ṣùgbọ́n n kò tíì lè sọ òótọ́ fún Màmá lójúkojú. Ọmọ mi obìnrin ni ó máa ń ka ìwé ìròyìn yìí fún un ní gbogbo ọ̀sẹ̀, láti ojú ìwé kìíní títí dé òpin, kì í fò.