Ọ̀nà oníyangí, láti Tuscany dé Ìmẹ̀sí-Ilé

Owó tí wọ́n ti san fún mi láti kọ̀wé nípa ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà pọ̀ ju èyí tí mo ti gbà lórí ohunkóhun mìíràn lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ni.

Oníbàárà mi kan ní òkè òkun máa ń kó èèyàn lọ gun kẹ̀kẹ́ ní Catalonia ní Spain àti ní Tuscany ní Ítálì. Wọ́n á fi fídíò ránṣẹ́, èmi á jókòó sínú yàrá mi ní Ajangbádì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa pariwo lójú fèrèsé, èmi á sì máa ṣàpèjúwe igi ólífì, àfonífojì, àti eruku funfun tó ń sá tẹ̀lé táyà. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí.

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe Márúwá o. Básíkù ni, kẹ̀kẹ́ ológeere. Èyí tí wọ́n ń pè ní gravel bike jọ ti àwọn tó ń sáré ìje, ọwọ́ ẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò, àmọ́ táyà ẹ̀ fẹ̀, ó sábà máa ń tó 40 mìlímítà, kó lè gba orí òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ pupa kọjá. Gravel yẹn, ó ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó bí ẹni tó dá Instagram sílẹ̀. Yangí ni.

Ìtàn Tuscany ló kọ́kọ́ mú mi. Ní 1997, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Giancarlo Brocci kó èèyàn 92 jọ ní Gaiole in Chianti, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ gba àwọn ọ̀nà eléruku funfun tó wà láàárín oko àjàrà. Wọ́n pè é ní L'Eroica. Ohun tó ń jà fún ni pé kí wọ́n má da ọ̀dà bo àwọn ọ̀nà yẹn tán. Ẹ gbọ́ o: kí wọ́n MÁ da ọ̀dà sí i. Ní 2007, ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí irú ọ̀nà yẹn kan náà, Strade Bianche, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ọ̀nà funfun, Siena ló ń parí sí. Ti àwọn obìnrin dé ní 2015 (ó pẹ́ kí wọ́n tó rántí wa, bí ìṣe wọn). Ní Girona ńkọ́? Ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tó ń lọ láti ibẹ̀ dé Olot. Wọ́n tì í pa ní 1969, wọ́n hú irin rẹ̀ kúrò. Ojú ọ̀nà ẹ̀ ni wọ́n ń gun básíkù lé lórí báyìí, ó lé ní 50 kìlómítà láàárín òkè.

Ẹ má sì sọ pé nǹkan òyìnbó ni. Kenya ti ní Migration Gravel Race láti 2021, ní àgbègbè Maasai Mara. Sule Kangangi tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Team Amani kú lójú ìdíje gravel ní Vermont, Amẹ́ríkà, ní August 2022. Mo sunkún ọkùnrin tí mi ò pàdé rí. Ní September 2025, ìdíje àgbáyé básíkù ti ojú títì wáyé ní Kigali, ìgbà àkọ́kọ́ tirẹ̀ nìyẹn nílẹ̀ Áfíríkà.

Àwa ńkọ́?

Ìmẹ̀sí-Ilé ni bàbá mi ti wá. Ẹni bá gbọ́ ìtàn ogun Kírìjì ti gbọ́ orúkọ ibẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní September 1886. Òkè ló yí ibẹ̀ ká. Òkè gígùn kan tí òkúta ẹ̀ jẹ́ quartzite gba ọ̀dọ̀ Òkè-Ìmẹ̀sí lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ara ẹ̀ náà ni omi Olúmirin ti ń já bọ́ ní Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje. Tí ẹ bá tún tẹ̀ síwájú, ẹ ó bá Ìkọ̀gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Tí oníbàárà mi bá ní irú nǹkan báyìí lọ́wọ́, á ti ta á tán kí oṣù tó parí.

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wọ́n: àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń tà aṣọ láwìn kiri ìlú olóhùn-ún nìyẹn, tó jẹ́ pé tí owó bá yá, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ, wọn ò ní dìde àfi tí o bá sanwó. Raleigh ni bàbá ń gùn. Ẹrù aṣọ lẹ́yìn, omi nínú ìgò, yangí lábẹ́ táyà, láti ìlú dé ìlú. Kò sí Strava tó bá a ka kìlómítà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé eré ìdárayá ló ń ṣe, gbèsè ló ń lọ gbà jàre.

Ní December tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan gbé básíkù lọ sílé. Mo fẹ́ ṣe fídíò tèmi. Ọ̀nà ńlá tó so àwọn ìlú yẹn pọ̀ ní ọ̀dà, bí ihò tilẹ̀ ti pọ̀ lára ẹ̀. Èyí tó wù mí ni àwọn tó ń yà kúrò lára ẹ̀ wọ inú oko lọ. Ilẹ̀ pupa, kòkó lọ́tùn-ún lósì, ọyẹ́ tó bo orí òkè bí aṣọ àlà. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́, mo pariwo bí ọmọdé. (Ní Ajangbádì, tí ọmọbìnrin bá gun básíkù kọjá, àwọn ọlọ́kọ̀ á máa kígbe "sista, ṣé kò sówó ọkọ̀ ni?" Níbẹ̀, ẹyẹ nìkan ló dá mi lóhùn.)

A dé àbà kan. Màmá kan ń sá kòkó. Wọ́n wò mí, wọ́n wo básíkù, wọ́n wo fóònù tí mo gbé sókè.

"Ṣé ẹ̀yin ni ìjọba rán wá wọn ọ̀nà?"

"Rárá o, mà. Eré la wá ṣe."

"Eré? Lórí èyí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, wọ́n ṣàlàyé fún wa. Tí òjò bá rọ̀, ọlọ́kadà á sọ owó di ìlọ́po méjì, tó bá tilẹ̀ gbà láti wọlé. Kòkó tí wọ́n ti sá gbẹ á tún rin lójú ọ̀nà, ẹni tó ń rà á á sì gé owó. Wọ́n ti wá wọn ọ̀nà yẹn rí, àwọn tó wọ̀n ọ́n ò padà wá.

Mo délé, mo ṣí fídíò yẹn, mi ò lè kọ "ẹwà tí ọwọ́ èèyàn ò tíì bà jẹ́" sábẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ nípa Tuscany láìmọye ìgbà! Ará Chianti lè ní kí wọ́n fi ọ̀nà funfun sílẹ̀ torí kì í ṣe òun nìkan ló lè gbé àìsàn ẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Màmá yẹn ò ní ìkejì. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà àbà wọn lónìí, ká wá máa fi básíkù wá ipa ẹsẹ̀ àtijọ́ gùn.

Mo ṣì fi àbá ránṣẹ́ sí oníbàárà mi: Ìmẹ̀sí-Ilé, Òkè-Ìmẹ̀sí, Ẹ̀fọ̀n, Ẹrìn, ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ràn fọ́tò gan-an. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: ṣé mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn tó bá wá á padà sílé láyọ̀?

Ẹ̀yin náà rántí January 2024. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, wọ́n sì jí ọmọ iléèwé àtàwọn olùkọ́ wọn gbé ní Èmùré. Mi ò fèsì lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì mo kọ̀wé pé rárá, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì fi fídíò Girona míì ránṣẹ́.

Mo ṣe iṣẹ́ náà. Owó ilé ń bọ̀ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n mò ń padà lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé ní January, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Òwúrọ̀ kan péré, ìrìn kúkúrú, àwọn ọdẹ tó mọ inú igbó á wà pẹ̀lú wa, a ò sì ní gbé fídíò sáfẹ́fẹ́ àfi tí a bá ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Ọ̀bọ̀kún, ará Òkè-Ìmẹ̀sí, ará Ẹ̀fọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà oko wo lẹ̀yin fúnra yín ṣì ń gbà láìwẹ̀yìn? Ẹ fi ránṣẹ́ sínú DM mi, ẹ má kọ ọ́ síta. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá wa lọ, táyà tó fẹ̀ ni o. Yangí yẹn á jẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ní àjẹtán.